Kí ló yẹ kí n wò kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ oṣù ni mo ń ṣe, mo sì ń tọ́ ọmọ, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Mo fẹ́ gba dìgírì láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ méjì ló sì wà lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́ ní fídíò rẹpẹtẹ, wọ́n ní mo lè wò ó nígbà tó bá wù mí. Ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ ní fídíò. Ìwé kíkà àti iṣẹ́ àmúrelé ló pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, n kò parí rẹ̀. Èwo ni kí n yàn? Ṣé àwọn agbanisíṣẹ́ máa ka ìwé ẹ̀rí náà sí? Báwo ni mo ṣe lè parí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, ìkejì ni mo ní kí ẹ yàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sí mi, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wá lára ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí: ta ni yóò ka iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, ọjọ́ mélòó ni yóò fi dá a padà, kí ni yóò sì kọ sí i lára?

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1728, Caleb Phillips polówó nínú ìwé ìròyìn kan ní Boston pé òun lè máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí àwọn ará ìgbèríko tó fẹ́ mọ ọ̀nà ìkọ̀wé kúkúrú, èyí tí àwọn akọ̀wé fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni. Ìpolówó náà kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ránṣẹ́ padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń ka ìtàn ẹ̀kọ́ yìí láti 1840, lọ́dọ̀ Isaac Pitman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn ni owó lẹ́tà di pẹ́nì kan péré, ibi yòówù kí lẹ́tà ń lọ nínú orílẹ̀-èdè náà. Pitman á fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìkọ̀wé kúkúrú da ẹsẹ Bíbélì kọ, á fi í ránṣẹ́, Pitman á tún un ṣe, á sì dá a padà. Àtúnṣe tó ń padà bọ̀ yẹn ló sọ ìwé tí wọ́n kàn ń fi ránṣẹ́ di ẹ̀kọ́.

Ní 1858, Yunifásítì London ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin èyíkéyìí, ibi yòówù kó ti kàwé. Ohun ńlá ni, àmọ́ ìdánwò nìkan ni wọ́n ń ṣe fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ wá a fúnra rẹ̀. Nígbà tí Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní 1971, láì béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ wọn, ètò tí BBC ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ayé rí. Ohun tí wọn kò rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀, tó ń kọ àlàyé sí i lára. Lójú tèmi, òpó tó gbé ilé yẹn ró nìyẹn.

Ẹ wá wo ti ayé íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2011, Sebastian Thrun àti Peter Norvig la ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 160,000 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó parí rẹ̀ lé díẹ̀ ní 20,000. Fídíò dára, olùkọ́ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì méjì kò lè ka iṣẹ́ irú èrò bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń fún wọn ní máàkì. Nítorí náà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi nítorí èyí tí ẹ kò parí. Nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Michael Moore, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣàlàyé pé kì í ṣe ìrìn àjò tó wà láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ya wọ́n, bí kò ṣe bí ìjíròrò ṣe kéré tó láàárín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá, tí olùkọ́ kò bá sọ̀rọ̀ rí, jìnnà ju yín lọ.

Torí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ àkọ́kọ́, iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá a padà, àti bóyá ẹ lè rí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ ti kọ àlàyé sí, tí wọ́n ti yọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá di ìparí sáà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, àti bóyá ẹ lè gba ẹ̀kọ́ sórí fóònù kí ẹ lè kà á níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó fèsì lẹ́tà ẹni tí kò tíì sanwó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ti san án.

Ní ti agbanisíṣẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan ṣe ẹ̀rí. Àjọ tó ń fọwọ́ sí yunifásítì ní orílẹ̀-èdè wọn ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tó ń gba ìwé àṣẹ, bíi ti nọ́ọ̀sì tàbí amòfin, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń fún ni ní ìwé àṣẹ náà, kí ìdáhùn wọn wà lákọsílẹ̀.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò dáadáa. Nínú ètò tí àwọn yunifásítì Yúróòpù ń lò, ọdún kan ẹ̀kọ́ kíkún jẹ́ wákàtí 1,500 sí 1,800. Bí ẹ bá gba ìdajì rẹ̀ lọ́dún, tí ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 50, wákàtí 15 sí 18 ló kàn yín lọ́sẹ̀. Ó ṣòro fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń tọ́ ọmọ. Bí alẹ́ yín kò bá gba tó bẹ́ẹ̀, ẹ dín iye ẹ̀kọ́ tí ẹ máa gbà kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó pẹ́ kò burú. Gbígba èyí tó pọ̀ jù ní sáà àkọ́kọ́ ló ń lé ènìyàn lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ kó gbogbo agbára yín lé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni kì í fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ránṣẹ́ rárá, torí wọ́n ń retí kó dára tán. Ẹ fi í ránṣẹ́ bó ṣe rí, kódà bí apá kan kò bá yé yín. Ẹ kọ ọ́ sí i pé ibí yìí kò yé mi. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì ń kàwé lálẹ́, ẹ pa ìwé náà dé lẹ́yìn ojú ewé díẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rántí. Ó ń wọni lára ju kíkà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ yín kan tí ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀. Ẹnì kan tó.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ á ṣàìsàn, tí ẹ̀kọ́ á sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣíwájú yín. Ẹ má padà síbi tí ẹ dúró sí. Ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ wọlé síbi tí àwọn yòókù wà, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ tó kàn. Ohun tó kọjá, ẹ mú ìwọ̀nba tí iṣẹ́ náà nílò. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè kí wọ́n dá sáà yẹn dúró fún yín, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó kọjá. Ẹni tó kàn dákẹ́ lè pàdánù owó rẹ̀ àti máàkì tó ti gbà.