Àṣẹ pé kó kúrò nílé kì í ṣe ìdájọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí adájọ́ ní kí àbúrò yín jáde nílé torí ẹ̀sùn tí ìyàwó rẹ̀ fi kàn án, láìtíì gbọ́ tẹnu rẹ̀, mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lọ́nà méjèèjì. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni èmi fúnra mi fi bọ́ lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù mí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìyàwó àbúrò mi gba irú rẹ̀ lé àbúrò mi lórí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, mo gbà. Àmọ́ adájọ́ ò tíì dá ẹjọ́ kankan. Ó kàn ní kí wọ́n jìnnà síra títí òun á fi gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ká ní wọ́n kọ́kọ́ fìwé pe ọkọ mi kó wá rojọ́, inú ilé kan náà ni ìwé ọ̀hún ì bá ti bá èmi àti ẹ̀.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Tí wọ́n bá ń sún un síwájú ṣáá, ẹ pariwo níbẹ̀, torí àṣẹ onígbà díẹ̀ tí kò lópin ti di ìyà.

Kó tó dọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kí àbúrò yín má pe ìyàwó rẹ̀ rárá, kó má tiẹ̀ fi "má bínú" ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ má sì rán àgbààgbà lọ bẹ̀ ẹ́: ẹbí wa ti múra tán láti lọ kí lọ́yà tó dá wọn dúró. Bí ìyàwó bá fúnra rẹ̀ pè é wá kó aṣọ ńkọ́? Kó má lọ. Àbúrò yín ni àṣẹ yẹn dè, òun náà ni wọ́n máa mú. Kí lọ́yà bá a béèrè kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé e.

Ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ méjì ló lè wà. Ní ti àṣẹ ààbò, ìyẹn àṣẹ pé kó kúrò nílé yìí, kí adájọ́ ṣáà rí i pé ó jọ òótọ́ ju irọ́ lọ ti tó níbi púpọ̀. Ní ti ẹ̀sùn ọ̀daràn, aláìṣẹ̀ ni títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Ó wà ní abala 11 Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948. Ohun tó bá sọ ní ti àkọ́kọ́ lè bọ́ sínú ti kejì, nítorí náà kó má la ẹnu láìsí lọ́yà. Kó má sì pa nǹkan kan rẹ́ nínú fóònù, títí kan èyí tí kò gbè é. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n gé láàárín ni wọ́n mú wá ta ko àbúrò mi. Odindi rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀.

Ó lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n bi olùfisùn léèrè ọ̀rọ̀ ní kóòtù. Kì í ṣe àbúrò yín fúnra rẹ̀ ló yẹ kó bi í o! Ọkọ mi ṣe é fún mi, mi ò gbàgbé. Òfin tí England ṣe ní 2021 ti dí ọ̀nà yẹn ní kóòtù ìdílé, ilé ẹjọ́ sì lè yan lọ́yà tí yóò béèrè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ìbéèrè ò pa run, ìdẹ́rùbà ni wọ́n yọ kúrò.

Ní ti àwọn ọmọ, kí lọ́yà tọrọ àyè lọ́tọ̀ kó lè máa rí wọn níṣojú ẹlòmíì. Ọ̀kan lára ohun tí adájọ́ á wò ni bóyá ó pa àṣẹ tó wà nílẹ̀ mọ́.