Iyọ̀ ọ̀sà ló ń jẹ dichromate rẹ

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní oṣù Kejì lo lọ bu omi létí ọ̀sà Okobaba, l'Ébùúté-Mẹ́ta, fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. O fi potassium dichromate, èròjà aláwọ̀ ọsàn tó ń jó ìdọ̀tí inú omi, wọn COD rẹ̀ (ìyẹn ìwọ̀n oxygen tí ìdọ̀tí inú omi máa gbà kó tó jó tán), omi inú ìgò kan náà tó o pín sí méjì sì fún ọ ní èsì tó jìnnà síra wọn gan-an. Ọ̀gá yín ní dichromate tí ẹ rà l'Ọ́jọ́ta ti bàjẹ́, ìwọ wá ń béèrè bóyá kó o yáa lo permanganate, èròjà mìíràn tó ń jó ìdọ̀tí, dípò rẹ̀.

Má lo permanganate. Chloride, ìyẹn èròjà inú iyọ̀, ń da òun náà láàmú, kò sì lágbára tó láti jó ìdọ̀tí inú omi náà tán. Iṣẹ́ láàbù omi ni mo ń ṣe ní Yaba láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, kò sì sí omi tó fún mi níṣòro tó omi ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dichromate tó mọ́ kì í ṣàdédé bàjẹ́. Tó o bá sá a sínú ààrò ní 150°C fún wákàtí 2, tó o wọn 12.259 g, tó o sì fi omi distilled kún un dé líta 1, ó lè wà nínú ìgò tó dé dáadáa fún ọ̀pọ̀ oṣù láì yí padà. Ferrous ammonium sulphate tó o fi ń titrate (ìyẹn èyí tó ò ń kán sí i díẹ̀díẹ̀ láti mọ iye dichromate tó kù) ló máa ń yí padà, nítorí afẹ́fẹ́ ń jẹ iron inú rẹ̀. Òun ni kó o máa fi dichromate yẹ̀ wò ní gbogbo ọjọ́ tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́.

Oṣù Kejì tó o dárúkọ yẹn ni mo gbá mú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń rìn wọ inú ọ̀sà Èkó, àwọn odò tó ń ṣàn wọ̀ ọ́ kò sì ní agbára tí wọ́n á fi lé e padà. Òjò ló ń mú kí omi náà tún dùn. Omi òkun gan-an ní chloride tó tó nǹkan bí 19,000 mg/L, mílígíráàmù chloride kan sì máa ń jẹ dichromate tó bá 0.226 mg oxygen dọ́gba. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀: omi òkun tó mọ́ lóló, tí kò ní ìdọ̀tí kankan, lè fún ọ ní COD tó ju 4,000 mg/L lọ!

Wàá ní ìwé sọ pé dichromate kì í fọwọ́ kan chloride. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé iron lo ń wọ̀n nínú omi tó tutù, tí ásíìdì inú rẹ̀ kò le. Nínú COD, sulphuric acid gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tó wà nínú fláàsìkì, ó sì ń hó fún wákàtí 2 gbáko. Chloride kò lè fara da ìyẹn, chlorine ló máa dà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni ti silver sulphate, èròjà fàdákà tá a ń fi sínú fláàsìkì. Òun ló ń ran dichromate lọ́wọ́ láti jó àwọn nǹkan bí acetic acid. Chloride máa ń gbá fàdákà náà mú, yóò di funfun nísàlẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì tán nìyẹn. Nítorí náà iyọ̀ ń gbé èsì rẹ sókè lápá kan, ó ń fà á wálẹ̀ lápá kejì. Bó o ṣe da èròjà síra wọn àti bó o ṣe mi fláàsìkì ló máa pinnu èyí tó máa borí. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi jìnnà síra.

Kọ́kọ́ wọn chloride. Silver nitrate ni wàá fi titrate, potassium chromate á sì jẹ́ atọ́ka: àwọ̀ ìyeyè á yí sí pupa. Tí chloride bá ju 2,000 mg/L lọ, bu omi distilled là á títí á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi mercury sulphate tó wúwo ju chloride náà lọ ní ìlọ́po 10 sí i, kó lè di chloride mú. Fún omi 20 mL, 0.4 g ti tó. Òun ni kó kọ́kọ́ bá omi náà pàdé, kó o mì í dáadáa, kí fàdákà tó dé ibẹ̀. Mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó.

Má gbàgbọ́ nínú ọwọ́ ara rẹ títí wàá fi dán an wò. Potassium hydrogen phthalate, èròjà tá a ti mọ COD rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ fún ọ ní COD 500 mg/L tó bá jẹ́ 425 mg/L. Ṣe ọ̀kan láìsí iyọ̀, kó o fi iyọ̀ sí òmíràn títí chloride rẹ̀ á fi bá ti omi rẹ dọ́gba. Tí èkejì bá kọjá 500 dáadáa, mercury rẹ kò tó.

   

Mo ń fi dandan lé e nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi COD ẹ̀ẹ̀rùn fẹ̀sùn kan àwọn tó ń gé pákó létí ọ̀sà. Lóòótọ́, lẹ́búlẹ́bú pákó ń ba ọ̀sà jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tá a wọn chloride omi yẹn, iyọ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jìyà iyọ̀ òkun.

Wọ ìbọ̀wọ́. Dichromate máa ń dá egbò síni lára, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Má da ohun tó kù sí gọ́tà. Ọ̀sà kan náà ló ń lọ. Èyí tó kù nínú ìgò dichromate, fi sodium metabisulphite sí i nínú ásíìdì títí àwọ̀ ọsàn á fi di àwọ̀ ewé. Èyí tó ní mercury, kó o sí ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kọ orúkọ sí i lára, kó o fà á lé ẹni tó ń bójú tó ìdọ̀tí láàbù yín lọ́wọ́.

Tí omi náà bá ṣì kù nínú fíríìjì, wọn chloride rẹ̀ kó o sọ iye rẹ̀ fún mi. A ó jọ ṣírò bí wàá ṣe là á.