Ẹ Bi Wá: Gjirokastër Láìsí Ìnákúnàá

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún ní Gjirokastër, ìlú kékeré orí òkè ní Albania. A gbọ́ pé ọdún 2005 tí UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun wa sínú ìwé ogún àgbáyé ni wọ́n kọ tiwọn náà. Owó wa kò pọ̀. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni ti 2005 yẹn. Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o, ọ̀rọ̀ físà ló ṣáájú. Bí ẹ bá ní físà Schengen (físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò), ti Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó gba wíwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tí ẹ sì ti fi wọ ibi tó fún yín rí, Albania yóò gbà yín fún ọjọ́ 90 láìbèèrè físà tirẹ̀. Físà tí ẹ kò tíì lò rí kò ràn yín lọ́wọ́; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn yóò bèèrè físà Albania lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti Èkó, ẹ gba Istanbul dé Tirana, olú ìlú Albania. Bí ẹ kò bá ti jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú, kò sí pé ẹ ń wá físà Túrkì. Tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Róòmù tàbí Frankfurt lè dínwó, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò ní físà Schengen tàbí ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba físà ìkọjá kó tó lè jókòó de ọkọ̀ kejì níbẹ̀. Aláìní-in, Èkó ni wọ́n ti máa dá a padà, owó á sì wọgbó. Ọkọ̀ ojú omi láti Corfu sí Sarandë, ìlú etíkun Albania, náà ń tan èèyàn jẹ: ilẹ̀ Gíríìsì ni Corfu, Schengen ni. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì.

Bọ́ọ̀sì pápákọ̀ dé àárín Tirana tó bíi lek 400 (lek ni owó Albania). Láti ibùdókọ̀ gúúsù, bọ́ọ̀sì Gjirokastër ń gba lek 1,000 sí 1,500, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin. Inú ọkọ̀ lẹ ti máa sanwó, kéèṣì ni. Àárọ̀ ni wọ́n ń pọ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn ní Tirana. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní furgon kì í gbéra àfi tó bá kún, bíi ti Old Garage wa.

Ìsàlẹ̀ ìlú ni bọ́ọ̀sì máa já yín sí. Òkè ni ọjà àtijọ́ àti odi ńlá wà, ẹ ó sì fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gun ún. Àwọn tó fẹ́ ṣọ́wó ná máa ń gba yàrá nísàlẹ̀, takisí á wá jẹ èrè náà tán lọ́jọ́ kejì. Ẹ sùn lẹ́bàá ọjà. Bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá àjọsùn sábà máa ń tó yúrò 12 sí 15, nítorí náà ẹ̀yin méjì á ná bíi 30. Nígbà tí èrò kò pọ̀, owó yẹn lè gba yàrá tọkọtaya pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀. Oṣù karùn-ún, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ló dára. Oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ kò ṣeé fi gun òkè. Láti oṣù kọkànlá òjò ńlá ń rọ̀, òkúta ojú ọ̀nà á wá máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ní eyín nísàlẹ̀, ẹ sì fi báàgì àgbékọ́yìn rọ́pò àpótí onítáyà. Òkúta yẹn á fọ́ táyà rẹ̀.

Byrek, ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wàràkàṣì tàbí ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, kò ju lek 100 lọ. Ẹ tọ́ qifqi wò: ìrẹsì tí wọ́n fi ẹyin àti ewé míńtì pò, tí wọ́n sì dín roboto. Oúnjẹ ìlú náà gan-an ni. (Kò sí ata nínú rẹ̀ o.) Afárá Ali Pasha lẹ́yìn ìlú, ọ̀fẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Takisí kan bèèrè 4,000 lek lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀. Ṣé olè ni wọ́n ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ olè. Ní 1965 ni Albania yọ òdo kan kúrò lára owó rẹ̀, mẹ́wàá àtijọ́ di ẹyọ kan. Títí dòní, ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn àgbà, ṣì ń fi ti àtijọ́ dárúkọ iye. 400 ni 4,000 yẹn, bíi yúrò mẹ́rin. Ẹ bi wọ́n pé “të reja?”, ìyẹn “ṣé tuntun ni?”, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Lek 100 súnmọ́ yúrò kan. Bí wọ́n bá pe kọfí ní 1,000, ti àtijọ́ ni.

Náírà kò ṣeé ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ mú yúrò dání. Ẹ̀rọ báńkì sábà máa ń yọ lek 500 sí 800 lórí káàdì àjèjì nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ bá ní òun á bá yín ṣírò rẹ̀ sí dọ́là, ẹ kọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gbé àdìrẹ lọ tà lọ́jà wọn? — Aládìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìwọlé àlejò kò fàyè gba òwò, bí wọ́n bá sì bá ẹrù aṣọ lọ́wọ́ yín, kọ́sítọ́ọ̀mù á bèèrè. Ẹ wọ tiyín lọ. Ẹ gba orúkọ ilé ìtajà tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí wọn láti Òṣogbo.