Ẹ má tíì ra òkúta, ẹ kọ́kọ́ wọn etí òkun yín

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹgbẹ́ onílé yín ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí fẹ́ dáwó láti fi òkúta mọ ògiri sétí òkun, ẹ sì fẹ́ mọ iye tó yẹ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan mú wá, àti bí ẹ ṣe máa kọ ètò tó lè gbé yín dé ogún ọdún. Ọmọ Ayétòrò ní Ìlàjẹ ni mí, ìlú tí àwọn bàbá wa tẹ̀ dó ní 1947. Ilé tí wọ́n bí mi sí, ọkọ̀ apẹja ló ń gba orí rẹ̀ kọjá báyìí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gbóná jù, ẹ foríjì mí.

Ẹ má tíì dá kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí yanrìn yín ti ń wá àti ibi tó ń lọ. Ní etíkun tó ti Tógò wá títí dé Èkó, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń bọ̀, ìlà-oòrùn ló ń gbé yanrìn lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún kúbíìkì mítà lọ́dọọdún. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ́ tó yọ sínú omi, yanrìn á gbá jọ sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ìlà-oòrùn á sì gbòfo. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba òyìnbó kọ́ apá òkúta sẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Yanrìn kún ìwọ̀-oòrùn bámúbámú, etíkun Victoria Island lódì kejì sì fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Wọ́n da yanrìn síbẹ̀ ní 1974 sí 1975, wọ́n tún dà á ní 1985 sí 1986, wọ́n tún dà á ní 1990 sí 1991. Òkun ń kó o lọ. Ìgbà tí wọ́n wá fi odi Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n dà sínú òkun, dí ibẹ̀, àwọn ará Òkun Alfa tó wà ní ìlà-oòrùn ló kù tí wọ́n ń pariwo. Lomé náà kọ́ èbúté ní àwọn ọdún 1960, òkun jẹ ilẹ̀ títí ó fi dé Aného, ìlú Tógò tó wà lẹ́bàá ẹnubodè. Wọ́n to òkúta láti gba Aného sílẹ̀, ni ìyà bá sọdá ẹnubodè lọ bá àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Benin). Ìgbà tí ojú wọn là, orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ fọwọ́ sí iṣẹ́ kan ṣoṣo láàárín Agbodrafo ní Tógò sí Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀, lábẹ́ WACA, ètò ìdáàbòbò etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2018.

Ta wá ni aládùúgbò yín ní ìlà-oòrùn? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ ra òkúta? Bí ẹ bá sì ní ògiri yín ò ní yọ sínú omi, pé ẹ̀gbẹ́ òkun ló máa nà gbalaja lé, ìgbì á máa gbá a, á máa padà, á máa wa yanrìn ìdí rẹ̀ títí òkúta á fi rì. Owó tí ẹ dá ló rì yẹn.

Tiwa ní Ìlàjẹ tún yàtọ̀. Ẹrẹ̀ ni etíkun Màhìn, yanrìn ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹnjiníà kan wá, ó ní òun máa ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní groyne, apá òkúta tó yọ sínú omi láti mú yanrìn dúró, fún wa bíi ti Èkó. Àgbà apẹja kan bi í pé yanrìn wo ló fẹ́ fi mú. Ó ní òun máa kọ ọ́ sínú ìròyìn òun. A ò tíì fojú kan ìròyìn náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbòmíràn hàn yín, ẹ bi í pé irú ilẹ̀ wo ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì, torí ìyà tí mo jẹ níbẹ̀ ju ti òkun lọ. Àjọ ìjọba kan gbé iṣẹ́ ìlú wa fún agbaṣẹ́ṣe kan. Wọ́n wọ ẹ̀wù amúniléfòó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n já páìpù ńláńlá kalẹ̀, wọ́n lọ. Páìpù dípẹtà síbẹ̀, owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì ti wọ àpò ẹni tó wọ̀. Ilé bàbá mi lọ, ti àbúrò bàbá mi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibojì ìyá àgbà. Àwọn àgbà ní èmi tí mo kàwé díẹ̀ ni kí n máa lọ béèrè. Mo dé ọ́fíìsì kan, wọ́n ní fáìlì wà ní Àbújá. Mo dé Àbújá, wọ́n ní iṣẹ́ àjọ mìíràn ni. Àjọ mìíràn ní owó Ecological Fund, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìṣòro àyíká, ló kàn, kí n lọ bá ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á lọ jẹun, ọ̀gá ò ní dé mọ́ lọ́jọ́ náà, èmi tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi kí n tó wọ mọ́tò ní Igbókọ̀dá á wá máa wá ibi tí mo máa sùn.

Ọjọ́ kan ni akọ̀wé kan wá gba ìwé wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀ ilé wa, ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá, inú òkun ni ilẹ̀ yín wà. A kì í san owó gbà-má-bínú fún omi." Mo ní ta ló gbé e débẹ̀? Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá pé ilẹ̀ ti wà níbẹ̀ rí, ọdún tó lọ, àti ìwọ̀n tí òkun ń jẹ lọ́dún kan. Ẹ̀rí o! Ìlú odidi!

Àmọ́ ohun tí ọmọ yẹn béèrè ni kí ẹ̀yin ti ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kò lè sún, bíi mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òpó iná, kó jìnnà sómi dáadáa. Oṣooṣù ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ibi tí koríko parí sí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ ya fọ́tò láti ojú kan náà. Kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí i. Ẹ wo àwòrán àtijọ́ lórí Google Earth, ọ̀fẹ́ ni. Ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àti àkáǹtì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń wá bá wa kì í yé pe Holland, wọn ò sì sọ èyí tó ṣe kókó. Ní 1990 ni Holland pinnu pé ibi tí etí òkun wọn wà lọ́dún náà ni ààlà. Ọdọọdún ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ibi tó bá ti fà sẹ́yìn, wọ́n á da yanrìn sí i. Ààlà ló ṣáájú, owó ọdọọdún tẹ̀ lé e. Ètò tí kò bá ní owó ọdún kejì nínú, ìwé ìpolongo ìbò ni.

Nítorí náà, ẹ fa ààlà tiyín. Bí òkun bá dé èèkàn kan tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ìlà ilé iwájú á kó, kò ní sí àríyànjiyàn. Ẹ wá ilẹ̀ tí wọ́n máa kó lọ nísinsìnyí, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó tà á tán, kó má sì jẹ́ àbàtà, torí ọ̀sà wà lẹ́yìn yín, òun náà ń kún. Ẹ tètè hú òkú yín kúrò. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ẹ lé àwọn típà tó ń wa yanrìn etí òkun, ì báà jẹ́ ọmọ baálẹ̀ ló ni wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ojú omi tuntun gba àárín yín. Lọ́dọ̀ wa ní Awóyè, ibi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo ni omi iyọ̀ gbà wọ inú igbó, igi tó ń mu omi dídùn kú gbogbo.

Iye tí ẹ béèrè: ní ọdún àkọ́kọ́, owó téèpù, èèkàn àti ẹnjiníà etíkun kan tí kì í ṣe òun náà ló ń ta òkúta. Ẹ ò sì sọ bóyá ìwọ̀-oòrùn tàbí ìlà-oòrùn èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023 ni abúlé yín wà. Òun náà ní apá òkúta nínú òkun. Ẹ sọ ọ́, torí bí ìlà-oòrùn bá ni, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló yẹ kó dáwó, lẹ́tà yín àkọ́kọ́ sì ti ní ibi tó ń lọ.