Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Fún Àdúgbò

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa fẹ́ dá owó jọ ra ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ mú iná wá. Ẹni tó fẹ́ tà á ní kílówáàtì kan (wáàtì 1,000) ni, ó sì ní orí òrùlé ilé ìpàdé la ó gbé e kọ́. Ṣé kí á sanwó? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Mọníyà, Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Kí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lè mú kílówáàtì kan wá, afẹ́fẹ́ ní láti máa sáré tó mítà 11 tàbí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ tó ń mi ẹ̀ka igi ńlá nìyẹn, tí agbòjò kì í fẹ́ dúró lọ́wọ́ ẹni. Ní Ìbàdàn, lọ́pọ̀ ọjọ́, eré afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n gíga òrùlé kì í ju mítà 3 sí 4 lọ.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po 8. Bí eré náà bá sì já sí ìdajì, agbára á já sí ìdá kan nínú 8. Bí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ bá fẹ̀ tó mítà 3 láti etí kan dé èkejì, tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo agbára tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò ju nǹkan bíi wáàtì 115. Kò sí ẹ̀rọ láyé tó lè gbà ju 59 nínú 100 lára rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́jà sábà máa ń gba bíi 25 nínú 100. Wáàtì 29 ló kù fún yín: gílóòbù LED mẹ́ta. Bó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di àárọ̀, kò tó yúnìtì kan. Páànẹ̀lì sólà oníwáàtì 400 méjì á fún yín ní yúnìtì 2 sí 3 lójúmọ́ tí oòrùn bá mú.

Ti orí òrùlé yẹn ló tún burú jù. Afẹ́fẹ́ tó bá ti kọlu ògiri àti páànù máa ń rú. Abẹ̀bẹ̀ á máa darí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bẹ́árìn á tètè jẹ, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì máa la ògiri. Orí òpó tirẹ̀ ló yẹ kó wà, kí ìsàlẹ̀ abẹ̀bẹ̀ fi mítà 9 ga ju igi tàbí ilé yòówù tó wà láàárín mítà 150 sí i. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ sórí òpó tó ga tó bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ àti tìgbà òjò kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìpíndọ́gba eré afẹ́fẹ́ náà kò bá tó mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sólà ni kí ẹ fi owó yín rà.

Kí ló dé tí àwọn ará ìlú lásán ní Denmark fi ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tiwọn, tí àwa kò ní? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹlẹ́yẹlé)

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gan-an. Ní Middelgrunden, nínú òkun létí Copenhagen, olú ìlú Denmark, ẹ̀rọ 20 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2000, mẹ́gáwáàtì 2 (kílówáàtì 2,000) lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní 8,000. Ìpín 40,500 ni wọ́n pín in sí, ìpín kan sì dúró fún yúnìtì 1,000 lọ́dún. Àwa náà mọ àjọ dá, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ti wà ní Nàìjíríà láti 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa jẹ àǹfààní rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n náà wà nílé, a kò kàn fi kan ọ̀rọ̀ iná.

Ohun kejì ni òfin ríra iná. Lọ́dún 1991, òfin Jámánì pa á láṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ iná máa ra iná tí afẹ́fẹ́ bá mú wá, ní iye tí òfin fi lélẹ̀. Nítorí náà, nígbà yẹn, báńkì mọ ohun tí yóò wọlé, ó sì yá àgbẹ̀ lówó. Níbí, 2023 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa pèsè iná kó sì máa pín in káàkiri, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé.

Afẹ́fẹ́ tó dára jù ní orílẹ̀-èdè wa, apá àríwá ló wà. Ní Lambar Rimi, ní Katsina, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ 37 síta lọ́dún 2010, kílówáàtì 275 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní December 2012, wọ́n jí ẹnjiníà ará Faransé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà gbé, iṣẹ́ sì dúró fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀, irú ẹ̀rọ tí wọ́n rà yẹn ṣeé dà sílẹ̀ láti tún ṣe, kò dìgbà tí wọ́n bá gbé kiréènì ńlá wá. Lójú tiwa, ká ní wọ́n ya ẹ̀rọ 4 tàbí 5 sọ́tọ̀ nínú 37, kí àwọn abúlé tó yí i ká ra ìpín nínú wọn, àwọn tí owó wọn wà nínú rẹ̀ ì bá ti máa dá ìjọba láàmú lójoojúmọ́ títí tí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹni mélòó ló lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníná sílẹ̀? (Ìyá ọlọ́jà, Bódìjà)

Ẹni 10 tó, Ìyá wa. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù ìpínlẹ̀. Nínú 100 náírà owó iná tó bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ yọ 20 sọ́tọ̀ fún bátìrì tó ń tọ́jú iná pamọ́, nínú àkáǹtì tí ẹni kan ṣoṣo kò lè fọwọ́ sí, kí ẹ tó pín èrè kankan.