Kí ìyá onílé-ẹ̀kọ́ yín tó ra pátákó olówó ńlá yẹn

Àǹtí, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́ ra pátákó ńlá tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, kí àwọn ọmọ lè jọ máa kọ nǹkan sí i láti orí tábúlẹ́ẹ̀tì, pé ẹ̀rù sì ń bà yín kó má di ariwo lásán. Ẹ tún fẹ́ mọ áàpù tó dáa. Social Studies ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Mushin, àtìgbà tí kòrónà ti sé wa mọ́lé ní 2020 ni èmi àti àwọn pátákó yìí sì ti jọ ń fà á.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá yẹn o. Ohun tí ẹ ń wá kò sí lára gíláàsì. Ojú ewé kan ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú sì ń rí ohun tí ẹnì kejì ń kọ. Laptop yín àti prójẹ́kítọ̀, tàbí tẹlifíṣọ̀n tó ní ihò HDMI, ti tó láti gbé e sójú gbogbo kíláàsì. Ṣebí Google náà ṣe irú pátákó ńlá bẹ́ẹ̀ jáde, Jamboard, pẹ̀lú áàpù tirẹ̀, tí wọ́n kéde ní 2016. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2024, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan tuntun sórí áàpù rẹ̀ mọ́, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti pa á tì pátápátá. Ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rọ tí áàpù rẹ̀ bá kú, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ó wá ku ariwo. Ariwo á wà. Ẹ fún odidi kíláàsì JSS 2 ní ojú ewé òfìfo kan, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ Arsenal àti Chelsea ṣe máa gbé ìjà wọn débẹ̀. Ẹnìkan á nu iṣẹ́ ẹlòmíì nù, ẹkún á sọ. Ìwà ìkà kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìka ló ṣèèṣì, torí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kéré. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn láyè kí wọ́n ṣeré náà tẹ́rùn, kí ẹ wá ṣí ojú ewé míì fún iṣẹ́. Kí wọ́n tó wọlé, ẹ ti pín ojú ewé náà sí àpótí àpótí, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹ sì ti àwọn ìlà àti ìbéèrè yín pa kí ẹnikẹ́ni má lè wọ́ wọn kúrò. Miro, FigJam àti Microsoft Whiteboard, àwọn áàpù tó ń ṣe irú ojú ewé yìí, gbogbo wọn ló ní ibi tí ẹ ti lè tì í.

Ẹ̀rọ kan fún ọmọ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin tèmi ni pé ẹni tó mú tábúlẹ́ẹ̀tì dání kò gbọdọ̀ kọ èrò ara rẹ̀. Ohun tí àwọn tó yí i ká bá sọ ni kó kọ. Tí ẹ ò bá ṣe é báyìí, ọmọ tó ní fóònù nílé ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, àwọn yòókù á máa wo fèrèsé. Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sínú ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọmọ wa: tí ẹni tó mọ̀wé jù bá ti gbé ìdáhùn tirẹ̀ síbẹ̀, kíá ni yóò ti di ìdáhùn gbogbo kíláàsì.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí n gba nǹkan yìí gbọ́ ni ti àgbàrá òjò. Mo ya àwòrán àdúgbò wa, Mushin, Ìtirẹ, Ìjẹ́ṣàtẹ̀dó títí dé Ìsọlọ̀, mo tì í pa, mo ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi àmì sí ibi tí omi ti ń dúró ládùúgbò wọn, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Ká ní ẹnu ni mo fi bi wọ́n, gbogbo wọn ni ì bá ké e bí orin pé torí àwọn èèyàn ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà ni. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tí kì í nawọ́ ní kíláàsì ní kí ọ̀wọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé gọ́tà àwọn mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò ṣàn lọ síbì kankan. Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́ mìíràn fi fa ọfà láti àdúgbò tiwọn wá sí tirẹ̀. Omi tiwọn ló ń lọ bá wọn! Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, irú èyí tí olùkọ́ ń tọrọ. Lórí pátákó dúdú, ẹnìkan ló ń kọ nígbà kan, èyí tó bá sì ti kọ tán á lọ jókòó. A tọ́jú àwòrán náà, a sì tún ṣí i lẹ́yìn ìgbà òjò láti fi kún un.

Olùkọ́ Yorùbá wa náà ń lò ó fún àmì ohùn. Àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí àmì wà lórí kíbọ́ọ̀dù ń fi ìka fà á sórí ọ̀rọ̀, ó parí.

Ti nẹ́tíwọ̀kì: ẹ ṣí ojú ewé náà sórí gbogbo ẹ̀rọ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà àkọ́kọ́ tó ń ṣí ló ń jẹ dátà. Ìkọ̀wé kì í jẹ dátà púpọ̀, fọ́tò ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú kì í gbà ju ẹ̀rọ 10 lọ, òun ló tún fi dáa kí ọmọ mélòó kan máa lo ẹyọ kan. Kí páálí ńlá sì máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, tí wọ́n á kọ nǹkan sí tí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀. Ẹ rántí oṣù kẹta 2024, tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ létí Côte d'Ivoire; gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti áàpù, Excalidraw ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọmọ ò sì ní láti fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì, nítorí òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i ká tó gba ìsọfúnni ọmọdé. Ẹ má pe líǹkì rẹ̀ fún wọn láti kọ o. Ó gùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ìrù rẹ̀, lẹ́yìn àmì #. Tí lẹ́tà kan bá yẹ̀, kò ní ṣí. QR code ni kí ẹ gbé sára ògiri. Ẹ fi iṣẹ́ náà pamọ́ sórí laptop yín kí ẹ tó tì í. Ọmọ tó bá gbọ́n lè ṣí ohun tí ẹ tì pa níbẹ̀, kí ojú yín wà lára wọn. Miro dáa, àmọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ò ju pátákó mẹ́ta lọ.

Owó pátákó ńlá yẹn, ẹ ní kí ìyá fi ra ínfátà, kó sì fi ìyókù ra tábúlẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan ní Computer Village. Tokunbọ̀ náà dáa. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ lọ, kì í ṣe dírẹ́bà. Níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ ṣí Excalidraw sórí rẹ̀, ẹ fi ìka fa ìlà gígùn kan yí ojú rẹ̀ ká. Èyí tí ìlà bá ń falẹ̀ lẹ́yìn ìka, tàbí tó já lójú ọ̀nà, ẹ dá a padà fún un.