Ṣé ìrun ẹni tó wọ ẹ̀wù black metal yè? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Newcastle

Ìbéèrè: As-salāmu ʿalaykum, Àáfà wa. Newcastle ni à ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń gbọ́ orin kan tí wọ́n ń pè ní black metal. Ó ní ẹ̀wù dúdú kan tí wọ́n ya àgbélébùú sí, tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ó sì ń wọ̀ ọ́ wá sí mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà láàárín wa. Àáfà kan ní ọmọ yìí ti di kèfèrí, kó tún kálímà ṣàhádà gbà, kó san gbogbo ìrun tó ti fi ẹ̀wù náà kí padà, kí a sì mú 300 pọ́n-ùn wá fún rúkíyà, ìyẹn kíka Kùránì sí ènìyàn lára fún ìwòsàn. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ní kò sí àbùkù níbẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn olórin yẹn ń bá jà, àwa náà kò sì gba àgbélébùú gbọ́. Ó tún máa ń fi ọ̀dà funfun àti dúdú kun ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Wa ʿalaykumu s-salām wa raḥmatullāh, ìyá wa. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀wù kọ́ ló ń sọ ènìyàn di kèfèrí, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní 300 pọ́n-ùn. Àmọ́ kí ẹ̀wù yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀ lónìí, orin náà kò sì tọ́ fún mùsùlùmí.

Ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀ kò ní gùn. Màlíkì ni wá, ìyẹn àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Imāmu Mālik nínú òfin ẹ̀sìn. Nígbà tí wọ́n bi Imāmu Mālik nípa orin kíkọ, ó fèsì pé àwọn fásíkì, ìyẹn ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku, ló ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn. Risālah, ìwé òfin Màlíkì tí ọmọ ilé-kéwú ń kà, náà kò fàyè gba fífetí sí ohun èlò orin. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn lórí wéré tàbí lórí ìlù ìgbéyàwó, kó mú un dọjọ́ mìíràn, torí ohun tí a ń sọ yìí kò tiẹ̀ dé àgbègbè iyàn yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́: "ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń bá jà." Ó jọ pé wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn.

Ìlú tí ẹ wà yẹn gan-an ni orúkọ orin náà ti jáde. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Venom, ọmọ Newcastle, ló gbé àwo kan jáde ní 1982 tó pè ní Black Metal. Àwọn yẹn, Ìbílísì ni wọ́n fi ń polówó ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ Norway ló wá gba eré yẹn ní òótọ́. Ní 1991, Øystein Aarseth tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Mayhem ṣí ṣọ́ọ̀bù àwo orin sí Oslo, ó sì sọ ọ́ ní Helvete. Ọ̀run àpáàdì ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń gbé ara wọn gẹṣin aáyán pé ta ni ọkàn rẹ̀ le jù.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1992, ṣọ́ọ̀ṣì onígi ti Fantoft, nítòsí Bergen, jóná ráúráú. Igi rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1150. Ti Holmenkollen ní Oslo tẹ̀lé e ní oṣù kẹjọ, ti Skjold ní oṣù kẹsàn-án, ti Åsane nígbà Kérésìmesì. Nígbà tí yóò fi di 1996, nǹkan bí 50 ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ti iná bọ̀, tàbí tí wọ́n gbìyànjú láti sun. Panápaná kan kú nídìí ọ̀kan nínú wọn. Varg Vikernes, olórin Burzum, mú fọ́tò àjókù ṣọ́ọ̀ṣì Fantoft, ó fi ṣe èèpo àwo kan ní 1993. Aske ló pè é, ìyẹn eérú. Àwọn 1,000 tó kọ́kọ́ jáde, láítà wà pẹ̀lú wọn. Ẹ ṣáà wò ó: ẹni tó ra orin, wọ́n fi iná ṣe ènì fún un.

Ṣé ohun tí a ó máa fi yangàn nìyí? Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Al-Ḥajj, àáyà 40, pé tí kì í bá ṣe pé Òun ń fi àwọn kan dá àwọn kan lẹ́kun ni, wọn ì bá ti wó ilé àwọn anìkàndájọ́sìn, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìjọ́sìn àwọn Júù, àti mọ́sálásí. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu kan náà ló fi ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Imāmu Mālik fúnra rẹ̀ gbà á wá pé nígbà tí Abū Bakr ń rán ọmọ ogun lọ sí Ṣáàmù (agbègbè Síríà), ó ní wọn yóò bá àwọn kan tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ìjọ́sìn, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ojú ogun nìyẹn o! Tí ọmọ ogun kò bá gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, ta ló fún ọmọ inú yàrá tó fi nǹkan dí etí láṣẹ láti máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó lọ tiná bọ ilé ìjọ́sìn lóru?

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí òun ni gbòǹgbò rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé Ọlọ́hun jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn wọ̀nyí ṣe kórìíra àgbélébùú. Ọlọ́hun gan-an ni wọ́n dojú kọ. Ẹni tí wọ́n ń bú nínú orin wọn, Ànábì Īsā ọmọ Maryam ni, òjíṣẹ́ tí ìgbàgbọ́ wa kò pé láìsí òun. Bí a bá kọ̀ pé wọ́n kàn án mọ́ igi, ṣé ìyẹn ni ká máa bá ẹni tó ń bú u jó? Bíbú ànábì, kúfúrù ni lọ́dọ̀ gbogbo onímọ̀, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó yapa. Nígbà tó yá, Vikernes náà fi Ìbílísì sílẹ̀, ó bọ́ sọ́dọ̀ Odin, òrìṣà àwọn baba ńlá wọn, ó sì ń ti ibẹ̀ kọ̀wé lórí pé ẹ̀yà òun ló ga jù. Ní Jámánì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Absurd pa ọmọ ilé-ìwé ẹgbẹ́ wọn ní 1993, orúkọ ẹgbẹ́ náà sì di àsíá fún àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler nínú orin yìí. Ọmọ Yorùbá ló wá ń fi owó ìyá rẹ̀ ra ẹ̀wù wọn.

Àti ara wọn náà kò yè. Ní oṣù kẹjọ 1992, Bård Eithun, onílù ẹgbẹ́ Emperor, gún ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí pa ní Lillehammer. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló gbà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1993, Vikernes gún Aarseth pa lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ọdún 21 ni kóòtù fún un, fún ìpànìyàn àti iná ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀.

Síbẹ̀, òdodo ṣe pàtàkì. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ olórin yìí ló jó ilé, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọrin sí Ìbílísì. Igbó, yìnyín àti òtútù ni ẹlòmíràn ń kọ lórin. Ní oṣù kìíní 1997, wọ́n kó nǹkan bí 100 ọ̀dọ́ ní Íjíbítì, wọ́n ní wọ́n ń bọ Ìbílísì nítorí irú orin yìí àti ẹ̀wù dúdú. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e kiri, mufti sì ní kí wọ́n túúbá tàbí kí wọ́n gba ìdájọ́ ẹni tó fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ tán, wọn kò rí ohun kan dì mú, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Orúkọ tó bàjẹ́ ńkọ́? Àáfà tó pe ọmọ yín ní kèfèrí, kó rántí hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá: ẹni tó bá pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀rọ̀ náà yóò bà lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó ń gbọ́ ariwo gìtá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Igbe gooro ni wọ́n ń ké, elédè gan-an kì í gbọ́ ọ, ká má tì í sọ èdè Norway. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń fi Ọlọ́hun ṣe yẹ̀yẹ́ tó sì jókòó tì í, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wúwo ju ìyẹn lọ, An-Nisāʾ àáyà 140 sì wà fún un. Ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kúfúrù náà, tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú un, tó ní eré ni òun ń ṣe, kó lọ ka At-Tawbah 65 àti 66: àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, Ọlọ́hun kò gba àwáwí wọn. Ẹni kẹta yìí nìkan ni a ó sọ fún pé kó tún ṣàhádà wí, lẹ́yìn tí a bá ti bi í léèrè tó sì ti dáhùn. Ta ló bi ọmọ yín ní nǹkan kan kí wọ́n tó dájọ́ fún un?

Ìrun tó fi ẹ̀wù náà kí, ó yè, kò ní san án. Lójú Màlíkì, ọkùnrin tó bá wọ sílíìkì tàbí wúrà kírun ti dẹ́ṣẹ̀, ìrun rẹ̀ sì yè. Ọ̀nà kan náà ni èyí. Wíwọ̀ ọ́ ni kò tọ́. Āʾiṣa sọ pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kì í fi ohunkóhun tó ní àwòrán àgbélébùú sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ láì bà á jẹ́. Bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, àgbélébùú náà ni. Bó bá ti wà ní mọ́sálásí tí kò ní ẹ̀wù mìíràn, kó yí i sódì kó tó wọ sáàfù. Nílé, ẹ gé e ṣe ìnulẹ̀. Ẹ má fi ṣe sàráà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀dà ojú ló yẹ kí Àáfà yẹn béèrè, òun ló sì fò dá. Àwọn olórin náà ń kun ara wọn bí òkú ni. Irú èyí tó jẹ́ olómi, omi àti ọṣẹ yóò ṣí i. Èyí tó lọ́ràá ń di awọ lójú ara, omi àlùwàlá yóò kàn máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi òróró ra á, kó fi owú nù ún, kó wá fọṣẹ lé e, kó sì wo etí irun, ìpéǹpéjú, ìhà imú àti abẹ́ àgbọ̀n, ibẹ̀ ló máa ń kù sí. Bí àwọ̀ nìkan bá kù tí kò nípọn, kò léwu, bíi làálì ni. Ìrun tó bá fi àlùwàlá tó ṣe lórí ọ̀dà nínípọn kí, ìyẹn ni kó san padà, kó ṣírò rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Lórí rúkíyà, gbígba owó lé e kì í ṣe háráàmù, àwọn sàhábà ti gba àgùntàn nídìí rẹ̀ rí. Àmọ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ sọ ọmọ olọ́mọ di kèfèrí, kó tó wá máa ta ìwòsàn, ọjà wo nìyẹn? Ẹ̀yin ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ka Fātiḥa, Āyatul Kursī, Ikhlāṣ, Falaq àti Nās fún un ní alẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ dáadáa. Ẹni tó ń kọrin fún Mayhem tẹ́lẹ̀, tó ń pe ara rẹ̀ ní Dead, ìyẹn òkú, máa ń ri aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè máa rùn bíi ti sàréè. Ní oṣù kẹrin 1991 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọmọ ọdún 22, Aarseth sì kọ́kọ́ ya fọ́tò òkú rẹ̀ kó tó pe ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ikú pọ̀ nínú ayé wọn. Bí ọmọ yín bá ń sọ pé ó rẹ òun láti wà láàyè, tí kò sùn, tí kò jẹun, tó ń bo apá mọ́lẹ̀ lójú ooru, ẹ má dúró de Àáfà kankan. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má fọ́ fóònù rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kó yan orin kan tó fẹ́ràn jù, kó wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín sí Yorùbá, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, sókè ketekete. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ti kọ̀ láti wí lójú ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.